Kànga Ìkirè àti Apòmù: Ohun Tí Imú Kò Lè Gbọ́

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ fi omi kànga Ìkirè tàbí Apòmù ṣe iṣẹ́ àṣekágbá sábà máa ń kọ́kọ́ ka ìwádìí tí wọ́n ṣe nítòsí ilé ìfọpo rọ̀bì. Kò burú, torí ibẹ̀ ni ìbàjẹ́ omi abẹ́ ilẹ̀ ti hàn sójú jù. Ṣùgbọ́n bí a bá da ọ̀nà ìwádìí ibẹ̀ kọ láìwo irú ilẹ̀ tí a dúró lé, a lè kó ìpayà bá aráàlú lásán, tàbí ká ní kí wọ́n máa mu omi tó ń ṣe wọ́n ní jàǹbá.

Ẹ wo Ogale, ní ìjọba ìbílẹ̀ Eleme, ìpínlẹ̀ Rivers, ìjọba ìbílẹ̀ kan náà tí ilé ìfọpo Port Harcourt wà. Nínú ìjábọ̀ UNEP ti ọdún 2011, wọ́n bá epo tí a ti fọ̀ tó nípọn tó 8 cm tó léfòó sórí omi abẹ́ ilẹ̀ ní Nisisioken Ogale. Benzene inú kànga tí àwọn èèyàn ń mu fi ìlọ́po tó lé ní 900 kọjá òṣùwọ̀n WHO. Nítòsí wa níbí, àwọn ará Baruwa ní Alimosho, Èkó, ti fa epo bẹntiróòlù jáde láti inú kànga wọn, nítorí ọ̀pá epo tó jò. Ilẹ̀ yanrìn ni ibi méjèèjì, epo sì máa ń tètè rìn nínú yanrìn. Bó ti wù kó korò tó, epo ní tirẹ̀ máa ń rùn. Imú á ti sọ fún ìyá ọmọ pé kó da omi náà nù.

Òjé, cadmium àti nickel kì í rùn. Wọn kì í yí àwọ̀ omi padà, síse omi kò sì lè lé wọn lọ. Bí omi ṣe ń gbẹ lórí iná, ṣe ni wọ́n ń ki sí i. Òjé ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, cadmium ń ba kíndìnrín jẹ́. Omi tó pọ́n ni aráàlú ń sá fún, bẹ́ẹ̀ irin lásán látinú ilẹ̀ pupa ló sábà máa ń fa ìyẹn.

Ìkirè àti Apòmù ní tiwọn wà lórí òkúta líle àtijọ́. Inú ilẹ̀ tí òkúta ti jẹrà dì, àti inú ibi tí àpáta ti sán, lomi ń gbé. Kànga tí a fọwọ́ gbẹ́ kì í jìn púpọ̀, nítorí náà ohun tí wọ́n bá dà sílẹ̀ lágbàlá kò ní rìn jìnnà kó tó débẹ̀. Lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀, ẹ wo ọgbà mẹkáníìkì, àwọn tó ń tún bátìrì ṣe, àti ààtàn. Bí òjé nìkan bá ga, ọ̀dọ̀ oníbátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ yà sí. Bí nickel àti vanadium bá jọ ga, ẹ lè fura sí epo, torí wọ́n wà nínú epo rọ̀bì. Ṣùgbọ́n àwọn òkúta kan ń tú nickel sílẹ̀ fúnra wọn. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ bu omi ní kànga apá òkè, níbi tí ìdọ̀tí náà kò lè ṣàn dé, kí ẹ tó bu ti ìsàlẹ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù wà nínú ìgò. Bí a kò bá kán ásíìdì nitric sí omi títí pH rẹ̀ fi wálẹ̀ kọjá 2, mẹ́tààlì á lẹ̀ mọ́ ara ìgò. Ẹ̀rọ á wá kà á pé òjé kò pọ̀, wọ́n á sì sọ fún onílé pé omi rẹ̀ dára.

Bí àbájáde bá dé, òṣùwọ̀n Nàìjíríà ti ọdún 2007 fi òjé sí 0.01 mg/L, cadmium sí 0.003, nickel sí 0.02. WHO fi nickel sí 0.07. Ká ní ẹ rí nickel 0.05: ó ti kọjá ti Nàìjíríà, kò tíì kọjá ti WHO. Ẹ má ṣe mú èyí tó bá àlàyé yín mu nìkan. Ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀, kí ẹ padà lọ bu omi náà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn àti nígbà òjò, kí ẹ sì sọ nọ́ńbà náà fún ẹni tó ni kànga.