Eku Méjì Tàbí Eku Kan? Ẹ̀kọ́ Lórí Àròkọ Ìwọlé fún Iṣẹ́ Dókítà àti Ìwádìí

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá lé eku méjì lẹ́ẹ̀kan náà yóò pòfo. Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni, ìrírí ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n nínú ayé ẹ̀kọ́ òde òní, irú akẹ́kọ̀ọ́ kan wà tí ó jọ pé eku méjì gan-an ni ó ń lé: ó fẹ́ di dókítà tí ń tọ́jú aláìsàn, ó sì fẹ́ di ọ̀mọ̀wé olùwádìí tí ń wá ìdí àìsàn. Kí ilé ẹ̀kọ́ tó gba irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ wọlé, wọn a ní kí ó kọ àròkọ, kí ó fi ṣàlàyé ara rẹ̀. Gbogbo ìbéèrè tí ó wà nínú àwọn àròkọ wọ̀nyí, bí a bá fọ́ wọn sí wẹ́wẹ́, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n: ṣé eku méjì ni akẹ́kọ̀ọ́ yìí ń lé ni, tàbí eku kan tí ihò rẹ̀ ní ẹnu méjì?

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ètò ẹ̀kọ́ alápapọ̀ yìí ti gbilẹ̀ jù. Yunifásítì Western Reserve ní ìlú Cleveland bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní ọdún 1956. Ní ọdún 1964, àjọ ìjọba tí ń bójú tó ìwádìí ìlera níbẹ̀, tí a ń pè ní NIH, bẹ̀rẹ̀ sí fi owó ran irú ètò bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ mẹ́ta: Albert Einstein, Northwestern àti Yunifásítì New York. Láti ìgbà náà ni ó ti ń tàn kálẹ̀. Lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ a tún máa lo nǹkan bí ọdún mẹ́jọ. Ó sábà máa ń fi nǹkan bí ọdún méjì kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣègùn nínú kíláàsì. Lẹ́yìn náà a wọ yàrá ìwádìí fún ọdún mẹ́ta, mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí yóò fi gba oyè ọ̀mọ̀wé. Nígbà náà ni yóò tó padà sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn láti parí ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Nínú ọ̀pọ̀ ètò wọ̀nyí, akẹ́kọ̀ọ́ kì í san owó ilé ẹ̀kọ́, wọn a sì tún máa fún un ní owó ìjẹun. Ẹni tí yóò bá náwó tó bẹ́ẹ̀ lórí ọmọ ọlọ́mọ, ó tọ́ kí ó bèèrè ohun tí ọmọ náà fẹ́ fi ẹ̀kọ́ náà ṣe.

Àròkọ mẹ́ta ni ó wà nínú ìwé ìbéèrè tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Amẹ́ríkà jọ ń lò, èyí tí a ń pè ní AMCAS. Èkíní ń bèèrè ìdí tí akẹ́kọ̀ọ́ fi yan iṣẹ́ ìṣègùn. Kò gbọdọ̀ ju àmì 5,300 lọ, bí a bá ka lẹ́tà àti àlàfo pọ̀. Èkejì ń bèèrè ìdí tí ó fi fẹ́ so ìṣègùn àti ìwádìí pọ̀. Èyí kò gbọdọ̀ ju àmì 3,000 lọ. Ẹ̀kẹta ni ó gùn jù, ó lè tó àmì 10,000. Níbẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti ròyìn ìwádìí tí ó ti bá wọn ṣe: ọ̀gá tí ó ṣe é lábẹ́ rẹ̀, iye àkókò tí ó lò, ìṣòro tí wọ́n ń wádìí, àti ipa tí òun fúnra rẹ̀ kó. Nígbà tí ìwọ̀nyí bá ti dé ọwọ́ àwọn ilé ẹ̀kọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn a tún fi ìbéèrè tiwọn ránṣẹ́. Kí ló dé tí o fi yan ilé ẹ̀kọ́ wa? Ta ni o fẹ́ ṣe ìwádìí lábẹ́ rẹ̀? Ìgbà wo ni nǹkan le fún ọ, kí ni o sì ṣe? Ìwọ̀nyí ni a ń pè ní àfikún àròkọ.

Kí ọmọ ilé-ìwé tó lè mọ ohun tí ihò kan tí ó ní ẹnu méjì jẹ́, kò di dandan kí ó lọ sí Amẹ́ríkà. Ọ̀nà tí ó ti Ìkòròdú gba Ìtóìkín lọ sí Ẹ̀pẹ́ ti tó. Ní agbègbè Ẹ̀pẹ́ àti ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, àwọn dókítà ṣàkíyèsí àìsàn iṣan kan. Ẹsẹ̀ aláìsàn a máa kú tàbí kí ó máa jó o bí iná. Ìrìn rẹ̀ a dà bí ti ọ̀mùtí. Ojú rẹ̀ a máa ṣú, etí rẹ̀ a sì máa di. Ní ọdún 1958, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà gbé ọ̀rọ̀ àìsàn náà ní agbègbè Ẹ̀pẹ́ jáde. Lẹ́yìn náà ni Dókítà Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun, ẹni tí a bí ní ọdún 1935 tí ó sì kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Ìbàdàn, gbájú mọ́ ọn. Kò dúró lórí ìtọ́jú nìkan. Ó wọn bí iṣan ṣe ń ṣiṣẹ́, ó yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ó sì bèèrè ohun tí àwọn aláìsàn ń jẹ. Oúnjẹ ẹ̀gẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn gbójú lé, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wọn sì fi àmì májèlé sáyánáìdì tí ó wà nínú ẹ̀gẹ́ hàn. Ó tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1968. Ní ọdún 1969, òun, Monekosso àti Wilson tún tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe láàárín ìlú lórí oúnjẹ àti àìsàn náà.

Ọ̀rọ̀ kò parí síbẹ̀. Ní ọdún 2000, Oluwole àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ròyìn pé àìsàn náà ṣì wà ní Òsósà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ní ọdún 2002, wọ́n ròyìn ìlú mìíràn tí májèlé náà pọ̀ nínú oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí àwọn ará ibẹ̀ ń jẹ, síbẹ̀ tí àìsàn náà ṣọ̀wọ́n láàárín wọn. Wọ́n tipa bẹ́ẹ̀ gbé iyèméjì dìde sí ohun tí a ti gbà gbọ́ fún ọgbọ̀n ọdún. Báyìí ni iṣẹ́ ìwádìí rí: ẹni àkọ́kọ́ la ọ̀nà, ẹni ẹ̀yìn yẹ ọ̀nà náà wò bóyá ó dé ibi tí a ń lọ. Ẹsẹ̀ aláìsàn ni ó bí ìbéèrè. Yàrá ìwádìí ni a gbé ìbéèrè náà lọ. Ọ̀dọ̀ aláìsàn ni ìdáhùn gbọ́dọ̀ padà sí. Ihò kan ni, ẹnu méjì ni ó ní.

Ẹ jẹ́ kí a rò ó pé ọ̀dọ́mọbìnrin kan wà, ọmọ Ìgbògbò nítòsí Ìkòròdú, tí àwọn òbí rẹ̀ mú lọ sí Amẹ́ríkà ní kékeré. Ó ti gba oyè àkọ́kọ́ níbẹ̀, ó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀, ó sì gbé àwọn àròkọ rẹ̀ dání. Nínú àkọ́kọ́ tí ó kọ, ó ní bàbá àgbà òun kú nítorí májèlé inú ẹ̀gẹ́, àti pé ikú náà ni ó ti òun sínú iṣẹ́ yìí. Nínú èyí tí ó gùn, ó ní òun ṣe àwárí ńlá nípa iṣan ara. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bí ìyá àgbà ti ń yan gàrí lọ́wọ́, ó túmọ̀ àròkọ náà fún un.

Ìyá àgbà gbọ́ ọ tán, ó bèèrè pé, “Ọmọ mi, ta ni ó sọ fún ọ pé ẹ̀gẹ́ ni ó pa bàbá rẹ?”

Ọmọ náà dáhùn pé, “Ìyá àgbà, mo kà á nínú ìwé pé ẹ̀gẹ́ máa ń fa irú rẹ̀. Ṣé ẹ rántí pé ẹsẹ̀ wọn ń jó wọn ni, tí wọn kò lè rìn láìsí ọ̀pá?”

“Mo rántí. Ìwọ ni o máa ń gbé ọ̀pá náà wá fún un. Dókítà tọ́jú rẹ̀ dáadáa, kò sẹ́ni tí ó lè sọ pé kò tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó sọ ìdí rẹ̀ fún wa títí ó fi lọ. Ohun tí a kò mọ̀, kí ni ìwọ fi mọ̀ ọ́n?” Ó ru gàrí inú agbada. “Àti iṣan tí o ní ìwọ ṣe àwárí rẹ̀ ńkọ́? Ìwọ nìkan ni?”

Ọmọ náà dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, “Rárá, ìyá àgbà. Ọ̀gá wa ni ó ni ìbéèrè náà. Èmi ni mo ń ka sẹ́ẹ̀lì iṣan lábẹ́ máíkírósíkópù.”

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín. “Ẹnì kan ń bó ẹ̀gẹ́, ẹnì kan ń rin ín, ẹnì kan ń yan án. Gàrí kan náà ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bó ẹ̀gẹ́ kò gbọdọ̀ dé ọjà kí ó ní òun ni òun yan gàrí. Bí oníbàárà bá bi í léèrè iná, kí ni yóò sọ?”

Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni ọmọ yìí ya ìwé rẹ̀, tí ó tún un kọ. Ó kọ ọ́ pé òun gbé ọ̀pá fún bàbá àgbà, pé dókítà tọ́jú rẹ̀, àti pé títí di òní ẹnikẹ́ni kò mọ ìdí àìsàn náà; pé inú àlàfo tí ó wà láàárín ìtọ́jú àti ìdí yìí ni òun ti fẹ́ ṣiṣẹ́. Nínú àròkọ ìwádìí, ó kọ orúkọ ọ̀gá rẹ̀ àti ìbéèrè tí ọ̀gá náà gbé kalẹ̀, ó sì kọ ipa tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ó tilẹ̀ fi ohun tí ó ti fi pamọ́ tẹ́lẹ̀ kún un: pé iṣẹ́ oṣù mẹ́ta bàjẹ́ nítorí aró tí wọ́n fi ń kun sẹ́ẹ̀lì ti bàjẹ́, pé òun ni òun wá àṣìṣe náà rí, tí òun sì bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ìbẹ̀rẹ̀. Àròkọ náà kò dùn létí tó ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó ní ẹsẹ̀ tí ó fi dúró. Àwọn tí yóò ka àròkọ wọ̀nyí, olùwádìí ni púpọ̀ nínú wọn. Wọn yóò pe akẹ́kọ̀ọ́ jókòó, wọn yóò sì bi í léèrè iná.

Ní ti àfikún àròkọ, ohun mẹ́ta ni kí akẹ́kọ̀ọ́ fi sọ́kàn. Èkíní, kí ó dáhùn ìbéèrè tí a bi í, kì í ṣe èyí tí ó ti ní ìdáhùn rẹ̀ lápò. Ẹni tí ó bá da àròkọ ilé ẹ̀kọ́ kan kọ fún òmíràn lè gbàgbé orúkọ ti àkọ́kọ́ sínú rẹ̀, ìtìjú ńlá sì ni. Èkejì, kí ó ka iṣẹ́ àwọn olùwádìí ibẹ̀ kí ó tó dárúkọ wọn. Kí ó sọ ohun tí ó fẹ́ bá wọn wádìí àti ìdí rẹ̀. Ẹ̀kẹta, bí wọ́n bá bi í léèrè ìṣòro tí ó ti rí, kí ó má sọ ọ́ di ẹkún. Kí ó fi gbólóhùn díẹ̀ sọ ìṣòro náà, kí ó sì fi èyí tí ó pọ̀ sọ ohun tí ó ṣe nípa rẹ̀. Kí ó tún tètè dá ìdáhùn padà, nítorí àwọn àròkọ wọ̀nyí a máa dé ní wọ́ntìwọ́ntì.

Ìkìlọ̀ kan ṣì wà fún ọmọ tí ó ń gbé ní Nàìjíríà. Owó tí àjọ NIH ń fi ran ètò yìí lọ́wọ́, ọmọ onílùú Amẹ́ríkà àti ẹni tí ó ní ìwé ìgbélùú títí lọ nìkan ni ó wà fún. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan a máa fi owó tiwọn gba àlejò, ọ̀pọ̀ kì í gba àlejò rárá. Nítorí náà, kí ó wádìí èyí kí ó tó san owó ìwé ìbéèrè. Bí ọ̀nà yìí kò bá sì ṣí, ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Dókítà tí ó jáde ní Nàìjíríà lè ka ìwé gboyè ọ̀mọ̀wé lẹ́yìn náà, iṣẹ́ méjèèjì yóò sì pàdé lọ́wọ́ rẹ̀.

Òwe àwọn àgbà kò yẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tí ó bá lé eku méjì yóò pòfo ní tòótọ́. Ohun tí àròkọ ìwọlé ń bèèrè ni kí akẹ́kọ̀ọ́ jókòó, kí ó wo ohun tí ó ń lé dáadáa, kí ó sì fi òtítọ́ sọ bóyá eku kan ni.

Ìbéèrè

1. Kí ni àròkọ mẹ́ta inú ìwé ìbéèrè AMCAS ń bèèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́?
2. Báwo ni ọ̀rọ̀ àìsàn agbègbè Ẹ̀pẹ́ ṣe fi hàn pé ìtọ́jú àti ìwádìí lè jẹ́ iṣẹ́ kan?
3. Ṣàlàyé ọ̀rọ̀ tí ìyá àgbà sọ nípa bíbó ẹ̀gẹ́ àti yíyan gàrí.
4. Kọ àròkọ kúkúrú lórí iṣẹ́ kan tí o bá àwọn ènìyàn ṣe, kí o sì sọ ipa tìrẹ nìkan.