Mọ́tò Tó Ń Jẹ Táyà

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, àmọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ́tò ń ṣe gan-an nìyẹn nígbà tí wọ́n bá ra táyà tuntun rọ́pò èyí tó jẹ lápá kan, tí wọn kò sì wádìí ohun tó jẹ ẹ́. Táyà tó jẹ kì í ṣe àrùn fúnra rẹ̀. Àmì àrùn tó wà níbòmíràn ni, yálà nínú ìwọ̀n atẹ́gùn, nínú àwọn irin ẹsẹ̀ mọ́tò, tàbí nínú ọwọ́ awakọ̀. Bí ìdí náà bá wà síbẹ̀, ibi tí táyà àtijọ́ ti jẹ ni tuntun náà yóò ti jẹ.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, nítorí náà ojú táyà, ìyẹn ibi tó ń fara kan títì, ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ ohun tó bàjẹ́. Bí etí méjèèjì bá jẹ tí àárín ṣì ga, atẹ́gùn ló kéré, nítorí pé etí ni táyà tí kò yó fi ń ru ẹrù. Bí ó bá jẹ́ àárín ló jẹ, atẹ́gùn ló pọ̀ jù. Àwọn kan gbà pé táyà tó le koko ló ń pẹ́, wọ́n sì ń ní kí fọkanáísà fẹ́ ẹ dé iye tí a kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ iye yẹn ni òpin ohun tí táyà lè gbà, kì í ṣe ohun tí mọ́tò ń fẹ́. Àṣejù, baba àṣetẹ́ ni. Ohun tí mọ́tò ń fẹ́ wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ férémù ilẹ̀kùn awakọ̀, ó sì yẹ kí a fi gééjì wọ̀n ọ́n láàárọ̀, kí mọ́tò tó rìn, nítorí pé ìrìn ń mú táyà gbóná, ooru náà a sì máa sọ iye atẹ́gùn di púpọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti gba àròjinlẹ̀ ni ti táyà tó jẹ ní etí kan ṣoṣo. Ohun méjì ló sábà máa ń fà á. Èkíní ni káńbà, èyí tí í ṣe bí táyà ṣe dúró lóòró tàbí bó ṣe fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà tí a bá wò ó láti iwájú mọ́tò. Bí orí rẹ̀ bá fì wọnú jù, etí inú ni yóò jẹ. Èkejì ni tóò, èyí tí í ṣe bóyá iwájú táyà méjèèjì súnmọ́ra ju ẹ̀yìn wọn lọ tàbí wọ́n jìnnà síra. Táyà tí tóò rẹ̀ kò dára kì í yí lásán, ńṣe ló ń wọ́ ara rẹ̀ nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́kẹ́gbẹ̀ẹ́ bó ti ń lọ. Ọwọ́ máa ń tètè rí i ju ojú lọ: kí a fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú táyà láti inú bọ́ síta, kí a tún rà á láti ìta wọnú, bí ó bá ń dán nígbà tí a rà á síhà kan, tó sì ń ha ọwọ́ bí eyín ayùn nígbà tí a rà á síhà kejì, tóò ni. Kòtò kan ṣoṣo tí mọ́tò jìn sí pẹ̀lú eré lè tẹ tái-rọ́ọ̀dù, ìyẹn irin tó so sítíárì mọ́ ẹsẹ̀ táyà, kí gbogbo èyí sì bẹ̀rẹ̀.

Bí ojú táyà bá rí gbágungbàgun yípo, ṣọ́ọ̀kì tó ti kú ni kí a fura sí, nítorí òun ló yẹ kó di táyà mọ́lẹ̀, tàbí kó jẹ́ pé a kò báláńsì táyà náà. Ojú kan tó tẹ́ pẹrẹsẹ, bíréèkì àtẹ̀lójijì ni.

Ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Kí mẹkáníìkì fi jáàkì gbé mọ́tò, kó fi nǹkan tó lágbára tì í lábẹ́, kó wá di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀ kó mì ín: bí ó bá ń yẹ̀, bọ́ọ̀lù-jọ́íǹtì tàbí béárìn ti jẹ, bí ó bá jẹ́ pé nígbà tó dì í mú lọ́tùn-ún àti lósì ló ń yẹ̀, kó wo tái-rọ́ọ̀dù. Ẹ̀yìn tí a bá pààrọ̀ ohun tó jẹ ni aláínmẹ́ǹtì, ìyẹn títo ẹsẹ̀ táyà sí ìlà, tó lérè. Aláínmẹ́ǹtì tí a ṣe lórí irin tó ń mì kò ní dúró. Ọ̀pọ̀ mọ́tò ni a lè tún tóò wọn ṣe ṣùgbọ́n tí kò sí ibi tí a ti lè tún káńbà ṣe láìfi bóòtù àkànṣe sí i, nítorí náà ó tọ́ kí oníṣẹ́ fi ìwọ̀n tó wà kó tó bẹ̀rẹ̀ àti èyí tó wà lẹ́yìn iṣẹ́ han onímọ́tò. Àṣà yíyí táyà dà lórí rímù, kí etí tó jẹ lè bọ́ sódì kejì, kò tún nǹkan kan ṣe. Ńṣe ló ń jẹ́ kí etí kejì náà jẹ.

Ó yẹ kí a kíyè sí táyà tòkúnbọ̀ gidigidi, nítorí pé jíjẹ tó wà lójú rẹ̀ lè jẹ́ ẹ̀rí nípa mọ́tò tí wọ́n ti lò ó sí nílẹ̀ òkèèrè, kì í ṣe nípa èyí tí wọ́n dè é mọ́ báyìí. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn àmì DOT ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Àwọn òkè kéékèèké tó wà láàárín ìlà ojú táyà sì ń fi hàn pé bí ojú náà bá ti bá wọn dọ́gba, ó ku mílímítà 1.6 péré, ìgbà tó yẹ kí táyà kúrò lójú títì nìyẹn.

Lẹ́yìn àtúnṣe, kí a máa pààrọ̀ ipò táyà ní nǹkan bíi kìlómítà 8,000 sí 10,000, àyàfi èyí tí ọfà ara rẹ̀ ní kó máa yí sí apá kan ṣoṣo, tí a kò gbọ́dọ̀ gbé kọjá sódì kejì mọ́tò; kí a sì tún fi ọwọ́ ra ojú táyà tuntun lẹ́yìn kìlómítà 1,000 àkọ́kọ́, kí ohun tó bá ṣẹ́ kù lè hàn nígbà tí kò tíì náni ní táyà.