Kí Ẹ Tó Tọwọ́ Bọ Ìwé Àdéhùn Kòkó ní Rẹ́mọ

Àwọn tó ń ra kòkó lọ sókè òkun ń wá àgbẹ̀ tí wọn yóò jọ ṣe àdéhùn: kí àgbẹ̀ má ṣe ṣán igbó mọ́, kí àwọn náà sì fún un lọ́mọ igi ọ̀fẹ́ tí yóò gbìn sóko àti àlékún lórí owó kòkó. Òfin tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe lọ́dún 2023 wà lára ohun tó fà á. Kò fàyè gba kòkó, kọfí, epo pupa tàbí rọ́bà tó bá wá láti orí ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ run lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020. Òfin náà kò dárúkọ obì, ṣùgbọ́n olóbì tó bá gbin kòkó sáàárín gbànja rẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ má dá lọ bá wọn. Ẹni tó ní éékà mẹ́ta lẹ́yìn Ìkẹ́nnẹ́ kò lágbára láti bá ilé-iṣẹ́ ńlá dúnàádúrà. Ẹ wọnú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ìjọba mọ̀.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló sábà máa ń da àdéhùn rú. Ọ̀pọ̀ nínú yín ń san ìṣákọ́lẹ̀, ẹ sì mọ̀ pé nílẹ̀ wa, ẹni tó bá gbin igi ọlọ́jọ́ pípẹ́ ti ń dọ́gbọ́n sọ pé òun ló nilẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ojú onílẹ̀ fi máa ń le tó bá rí igi afàrà tuntun lóko. Nítorí náà, kí ẹ tó gba ọmọ igi ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ lọ bá ẹbí onílẹ̀, kí olórí ẹbí àti àwọn ọ̀dọ́ wọn jọ jókòó. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ta ló ni igi, ta ni yóò gbowó lọ́jọ́ tí agégi bá dé, báwo ni wọn yóò ṣe pín in? Kí ẹlẹ́rìí fọwọ́ sí i. Lójú tèmi, ìwé yìí níye lórí ju ọmọ igi ọ̀fẹ́ lọ.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ ya àwòrán oko. Oko tí kò ju hẹ́kítà mẹ́rin lọ, ìyẹn bí éékà mẹ́wàá, àmì ojú ibì kan péré tó fi ibi tí oko wà hàn ni òfin Yúróòpù béèrè, fóònù sì lè gbà á. Èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ó rìn yí ààlà rẹ̀ ká. Kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Ẹ má jẹ́ kí olùrà nìkan gbé e lọ.

Ní ti ìbòòji, tí kòkó bá ṣì kéré, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò ni kó ṣíji bò ó. Tó bá dàgbà, ẹ jẹ́ kí afàrà tàbí ìdígbó mélòó kan dúró jìnnà síra wọn. Ẹ yàgò fún àràbà, nítorí àrùn tó ń mú ẹ̀ka kòkó wú máa ń fara pamọ́ sínú rẹ̀. Tí ìbòòji bá pọ̀ jù, èso yóò máa dúdú, yóò sì máa rà lórí igi lásìkò òjò. Ẹ dín ẹ̀ka kù. Iléeṣẹ́ ìwádìí CRIN tó wà ní Ìdí-Ayùnrẹ́ ń ṣiṣẹ́ lórí kòkó àti obì. Ẹ bi wọ́n léèrè.

Ó wá ku owó. Ìjọba Gánà àti Côte d'Ivoire ti bá àwọn ilé-iṣẹ́ ṣokoléètì fọwọ́ sí irú àdéhùn yìí lọ́dún 2017, ṣùgbọ́n ìjọba ibẹ̀ ló ń dá iye tí wọ́n ń ra kòkó. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀ láti 1986 tí wọ́n ti tú ìgbìmọ̀ kòkó ká; àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń fẹnu ara rẹ̀ ná an. Kí ìwé yín sọ iye àlékún lórí kílò kan, ọjọ́ tí wọn yóò san án, àti ẹni tí yóò rọ́pò ọmọ igi tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá pa. Olùrà tí kò bá fẹ́ kọ iye àlékún sílẹ̀, ẹ má tọwọ́ bọ ìwé rẹ̀.