Àkàndé, Jókòó Ká Ṣírò Owó Káàdì Yẹn

Àkàndé, ọkọ mi, gbé fóònù yẹn sílẹ̀ kí o gbọ́ mi. Màmá rẹ ní kí n má bá ọ wí, pé o ti dàgbà. Mo ní kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí mo pọ̀n káàkiri Òrílé-Ìgànmú kó tó mọ̀ ọ́n jókòó, bó tiẹ̀ hu irùngbọ̀n dé àyà, mo ṣì lè fa etí rẹ̀.

Wọ́n ní bó bá ti di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, o ó wọ reluwé tuntun yẹn níbùdókọ̀ Tíátà, ó di Marina, láti ibẹ̀ ó di kasínò ní Victoria Island, kí o lè lọ ta póòkà. Mo bi ọ́, o ní, "Àǹtí, tábìlì kékeré ni mò ń jókòó sí, owó táṣẹ́rẹ́ ni." Tábìlì kékeré tí o fi ń tu ara rẹ nínú yẹn gan-an ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò.

Mi ò ní purọ́ mọ́ ọ. Póòkà kì í ṣe lọ́tìrì Bàbá Ìjẹ̀bú. Ní ti Bàbá Ìjẹ̀bú, nọ́ńbà 1 dé 90 ló wà ńbẹ̀, 5 ni wọ́n ń yọ. Bí o bá mú méjì, tí méjèèjì sì jáde, ₦100 rẹ á di ₦24,000. Ó dùn ún gbọ́. Àmọ́ bí ìgbà kan nínú 400 ni nọ́ńbà méjì tí èèyàn mú lè jọ jáde. Bí èèyàn 400 bá mú ₦100 wá, ₦40,000 ló wọlé yẹn. Bí a bá fi déédéé wò ó, ẹnì kan nínú wọn ló máa gba ₦24,000, ₦16,000 á sì kù sọ́wọ́ ilé. Kò sí ọgbọ́n tí ẹni tó ń ta á lè ta sí i, ì báà fi àlá mú nọ́ńbà, ì báà fi ọjọ́ ìbí ìyá rẹ̀ mú un. Àwọn bàbá tí ń jókòó sẹ́nu kíóòsì ní Òrílé, tí wọ́n ń fi bírò pupa fa ìlà sórí èsì àtijọ́, àánú wọn máa ń ṣe mí.

Ti póòkà yàtọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ yí tábìlì ká lẹ ń bára yín fà á. Ẹni tó mọ ìgbà tó yẹ kó ju káàdì sílẹ̀, tó mọ ẹni tó ń purọ́ àti ẹni tó ń sòótọ́, á máa jẹ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Mo gbà. Orí rẹ pé, o sì mọ ìṣirò láti kékeré. Àmọ́ lọ́jọ́ tí o mú mi lọ síbẹ̀ pé kí n wá wo nǹkan tí o ń ṣe, ìwọ ń wo ojú àwọn tí ẹ jọ ń ta. Èmi ń wo ọwọ́ ọmọbìnrin tó ń pín káàdì. Bí owó bá ti pọ̀ díẹ̀ láàárín, á fi ìka méjì fa ọ̀kan tàbí méjì nínú ike tó dúró fún owó sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá ta káàdì yẹn tán, á ti ike náà sínú ihò tóóró kan lára tábìlì, mo gbọ́ ọ "kọ́" bó ṣe ń já sínú àpótí nísàlẹ̀. Ẹni tó jẹ ń kó tirẹ̀ mọ́ra, ẹ̀rín lẹ́nu. Owó tí ilé tẹ́tẹ́ ń yọ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó wo ihò yẹn, ìwọ náà ò wò ó.

Ó yá, mú bírò. Ká ní ẹ̀yin mẹ́sàn-án lẹ jókòó, tí kálukú mú ₦20,000 wá. ₦180,000 ló wà lórí tábìlì. Ọmọ yẹn lè pín káàdì tó ìgbà 25 láàárín wákàtí kan. Ká ní ₦400 ni ihò yẹn ń gbà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan: ₦10,000 ní wákàtí kan nìyẹn. Ẹ ta á fún wákàtí mẹ́fà, ₦60,000 ti lọ. Ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo owó tí ẹ kó wá, kò sì sí ìkankan nínú yín tó jẹ ẹ́! Pín in sí mẹ́sàn-án, ó lé ní ₦6,600 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kí o tó lè sọ pé o jẹ kọ́bọ̀ kan, o gbọ́dọ̀ ti gba iye yẹn lọ́wọ́ àwọn yòókù. Mi ò tíì ka ike tí o ń jù fún ọmọ tó ń pín káàdì láti fi dúpẹ́, mi ò ka omi àti mínírà, mi ò ka owó Bolt tí o fi ń padà wálé láago méjì òru, nígbà tí reluwé ti ṣíwọ́.

Ìyá rẹ àgbà dá àjọ lọ́jà Ojúwòyè títí ó fi darúgbó. Owó ọjọ́ kan péré ni alájọ ń yọ nínú oṣù, ó sì ń tọ́jú ìyókù fún un. Bí alájọ bá yọ ọjọ́ méjì, gbogbo ọjà ló máa gbọ́ ohùn ìyá wa lọ́jọ́ yẹn. Ìwọ ọmọ ọmọ rẹ̀ wá jókòó, wọ́n yọ ìdá kan nínú mẹ́ta lálẹ́ ọjọ́ kan, o ò sọ̀rọ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni pé ẹ̀yin tálákà lẹ ń san jù. Ilé tẹ́tẹ́ máa ń fi gbèdéke sí iye tí wọ́n ń yọ. Ká ní gbèdéke ọ̀hún jẹ́ ₦2,000. Bí owó tó wà láàárín bá jẹ́ ₦20,000, ìdá kan nínú mẹ́wàá ni wọ́n mú yẹn. Ní tábìlì àwọn olówó, tí ₦200,000 wà láàárín, ₦2,000 náà ni, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Má wò mí báyẹn, Àkàndé! Mo mọ ìwò yẹn. Mi ò ní kí o lọ jókòó ti àwọn olówó o. Àwọn tó wà níbẹ̀ á jẹ ọ́ tán kí o tó gbé orí sókè.

O ní àwọn tó wà ní tábìlì kékeré kò mọ̀ ọ́n ta, pé wọ́n á ti mutí yó, pé àwọn ló ń bá ọ san owó tí ilé tẹ́tẹ́ ń yọ. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan. Àmọ́ ẹni tó ń pàdánù léraléra kì í pẹ́ jókòó sílé. Ta ló wá kù? Ìwọ àti àwọn bíi tìrẹ tí ẹ jọ mọ̀ ọ́n díẹ̀díẹ̀, tí ẹ ń ti owó kan náà síwá sẹ́yìn, ihò yẹn sì ń gba tirẹ̀ nígbà gbogbo.

Mi ò pe ilé tẹ́tẹ́ lólè. Wọ́n ń tan jẹnẹrétọ̀, wọ́n ń sanwó fún òṣìṣẹ́, wọ́n sì ń gba ìwé àṣẹ. Láti ìgbà tí Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ti dájọ́ ní oṣù kọkànlá ọdún 2024 pé ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ni àṣẹ lórí tẹ́tẹ́ nílẹ̀ rẹ̀, ìjọba Èkó ni wọ́n ń dá lóhùn. Apá kan ìnáwó yẹn, inú ihò tábìlì ló ti ń jáde.

Ṣé mo ní kí o má lọ mọ́ ni? Rárá. Bí ₦20,000 bá jẹ́ owó fàájì rẹ lóṣù, tí o san owó ilé, tí o sì fún ìyá rẹ ní tirẹ̀, lọ, jókòó, ta á, gbádùn ara rẹ. Bó bá tán, dìde. Tíátà tí wọ́n kọ́ tán ní 1976, tí wọ́n ti fi sọrí Wọlé Ṣóyínká báyìí, kò jìnnà sílé wa. Bí o bá ná owó yẹn síbẹ̀, mi ò ní bá ọ jà, nítorí o ò ní padà wálé wá sọ fún mi pé iṣẹ́ ni o lọ ṣe. Iṣẹ́ tí o ń pè é yẹn ni mi ò gbà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá lo yá owó epo jẹnẹrétọ̀ lọ́wọ́ mi. Ẹni tó ń jẹ ní póòkà, kí ló fẹ́ fi owó epo mi ṣe?

O máa ń rántí alẹ́ tí o jẹ ₦45,000, gbogbo àdúgbò ló gbọ́ ọ. Àwọn alẹ́ yòókù ńkọ́? Ra ìwé kékeré kan. Kọ iye tí o mú jáde nílé, iye tí o mú wọlé, owó ọkọ̀, owó mínírà, gbogbo rẹ̀. Má kọ ọ́ sínú fóònù tí o lè pa á rẹ́. Títí di oṣù kejìlá ni mo fún ọ, kí o mú un wá kí èmi àti ìwọ jọ rò ó pọ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ wá síbí. Mo ní tábìlì, mo ní iná sólà, mo máa se ọbẹ̀ ẹja. ₦1,000 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan máa fi sílẹ̀, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó bá jẹ ló máa kó gbogbo rẹ̀. Mi ò ní yọ kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n aago mẹ́wàá alẹ́ ni mo ń ti géètì o, kí o ti sọ fún wọn.