Ìsẹ̀lẹ̀ àbí Ìṣẹ̀lẹ̀? Ẹ̀kọ́ Kan láti Ìlú Koumbia

Nígbà tí a gba ọlidé, mo lọ kí ìyá àgbà mi l'Ọ̀wọ̀. Mo sọ fún wọn pé mo ń kàwé nípa ìsẹ̀lẹ̀ kan ní orílẹ̀-èdè Guinea. Wọ́n ní, "Ìṣẹ̀lẹ̀ wo? Kí ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀?" Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbéèrè wọn ló bí ẹ̀kọ́ yìí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ní ìdájí ọjọ́ 22, oṣù Kejìlá, ọdún 1983, ilẹ̀ mì tìtì ní agbègbè Gaoual ní Guinea. Ìwọ̀n agbára rẹ̀ tó 6.3. Ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Koumbia wà lára ibi tó fara gbá a jù. Oorun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sùn nígbà tí ilé wó lù wọ́n. Àwọn tó kú ní agbègbè náà lé ní 400.

Ògiri ló pa ọ̀pọ̀ wọn. Ògiri alámọ̀ tí kò ní irin nínú kì í lè tẹ̀ bí ilẹ̀ bá ń mì. Ńṣe ló máa ń ya, tí yóò sì wó. Irú ògiri bẹ́ẹ̀ ṣì wà l'Ọ̀wọ̀, ní Ìfọ̀n àti Ìdóàní. Ilẹ̀ Yorùbá náà kò sì ṣàjèjì sí i: ilẹ̀ mì díẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́dún 1984, ó tún mì ní agbègbè Abẹ́òkúta lọ́dún 2009.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ọ̀rọ̀ náà.

1. Ìsẹ̀lẹ̀ àti ìṣẹ̀lẹ̀: ohùn wọn bára mu. Kọ́ńsónáǹtì kan péré, /s/ àti /ṣ/, ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Lẹ́nu ọ̀pọ̀ ará Ìbàdàn tí kì í pe /ṣ/, ọ̀kan náà ni wọ́n. Bí a bá sì kọ "isele" láìfi àmì sí i, ta ni yóò mọ̀ èwo ni?

2. Ìmìtìtì ilẹ̀: ì- + mì + tìtì, kí a tó fi ilẹ̀ kún un. Ì- sọ ọ̀rọ̀-ìṣe di ọ̀rọ̀-orúkọ; tìtì sì ń fi bí mímì náà ṣe le tó hàn. Ẹni tí kò gbọ́ ọ rí yóò mọ ohun tó ń jẹ́.

Mo padà lọ bá ìyá àgbà, mo ní, "Màmá, ìmìtìtì ilẹ̀ ni mò ń wí." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wo ògiri yàrá wọn tó ti sán. Wọ́n ní, "Ó dáa, kí la máa ṣe bó bá dé?"

Èrò tèmi ni pé ìmìtìtì ilẹ̀ ló yẹ kí á máa lò nínú ìkéde rédíò àti ìwé ìlera. Ìkìlọ̀ tí kò yé ènìyàn kò lè gbà á là.

Iṣẹ́ ṣíṣe: Ẹ bi àgbàlagbà méjì nílùú yín léèrè ohun tí wọ́n ń pe ilẹ̀ tó ń mì. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀.