Àníkẹ́, Ẹsẹ̀ Ni Kí O Kọ́kọ́ Kọ́

Àníkẹ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, wá gbọ́. Mo ti wo fídíò tí o fi ránṣẹ́ láti Madrid, mo sì tún un wò. Aṣọ ìjà yẹn yẹ ọ́, idà náà sì bá ọwọ́ rẹ mu. Ṣùgbọ́n kí ló ń lé ọ? Ẹni tó dojú kọ ọ́ na idà rẹ̀ gbọọrọ, ìwọ sì sáré tààrà lọ bá ṣóńṣó rẹ̀! O gbé apá sókè, o ń ju idà bí ẹni tó ń ṣán oko. Ta ló ní kí o ṣe bẹ́ẹ̀?

O mọ̀ pé Ìṣirò ni mo kọ́ àwọn ọmọ iléèwé títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn nígbà tí o sọ pé destreza, ọ̀nà ìjà idà àwọn ará Sípéènì, lo fẹ́ kọ́, torí jiọ́mẹ́tírì ló gbé e ró. Jerónimo Sánchez de Carranza, ọmọ Seville, ló fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀. Ó parí ìwé rẹ̀ ní 1569, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní Sanlúcar de Barrameda ní 1582. Ohun tí bàbá yẹn ń wá ni pé kí ìjà idà ní ìdí tí a lè tọ́ka sí, kí ó má jẹ́ agbára àti oríire lásán.

Ó dáa, dúró ṣánṣán. Má tẹ orúnkún, má ya ẹsẹ̀ gàgàrà. Na apá ọ̀tún síwájú láti èjìká, kí apá àti idà di ìlà kan ṣoṣo, kí ìlà náà sì bá ara rẹ pàdé ní igun dígíríì 90. Ibẹ̀ ni idà rẹ ti ń dé ọ̀nà tó jìn jù. Bí o bá gbé e sókè, ó kúrú. Bí o bá sọ ọ́ kalẹ̀, ó kúrú. Fi rúlà wò ó lórí bébà kí o rí i fúnra rẹ.

Lẹ́yìn náà, fojú inú wo òbìrìkìtì kan nílẹ̀. Ìwọ wà ní etí kan, ẹni kejì wà ní òdìkejì, idà yín sì nà sórí ìlà tó la àárín já. Ẹni tó bá gba orí ìlà yẹn lọ tààrà, ikú ló ń lọ bá. Etí òbìrìkìtì ni kí o máa tẹ̀ lé, tàbí kí o gé ẹ̀gbẹ́ kọjá, títí o ó fi rí ibi tí idà tìrẹ ti lè bà á tí tirẹ̀ ò lè bà ọ́. Ìgbésẹ̀ wọ̀nyẹn ni wọ́n ń pè ní compás, òun sì ni o fò dá. Bí o bá ti sún mọ́ ọn, gbé idà rẹ lé orí tirẹ̀, atajo nìyẹn. Má lù ú gbàgà. Kàn gbé e lé e, kí ọwọ́ rẹ máa gbọ́ ohun tó fẹ́ ṣe. Bó bá fẹ́ bọ́, ọ̀nà tó jìn ló kù fún un, ìwọ á ti dé kó tó dé. Bí àyè bá sì yọ, o lè fi ọwọ́ òsì di èèkù idà rẹ̀ mú, kí ìjà parí láìsí ẹ̀jẹ̀. Movimiento de conclusión ni wọ́n ń pe ìyẹn. Òun ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀.

Luis Pacheco de Narváez, tó tẹ̀ lé Carranza, gbé ìwé tirẹ̀ jáde ní 1600, ó sì di olùkọ́ idà fún Ọba Felipe Kẹrin. Quevedo fi irú wọn ṣẹ̀sín nínú ìwé ìtàn rẹ̀, El Buscón, níbi tó ti mú wèrè kan wá tó ń fi igun àti ìlà jà. Òǹkọ̀wé ńlá ni Quevedo, ṣùgbọ́n kò ṣe dáadáa sí iṣẹ́ yìí. Bí ẹnikẹ́ni bá ń fi yín rẹ́rìn-ín pé ẹ̀ ń rìn yípo lásán, má dá a lóhùn.

O tún ní navaja, ọ̀bẹ Sípéènì tó ń ká, ti wù ọ́, pé o fẹ́ fi idà sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ó wuni. Àwọn ará Albacete mọ ọ̀bẹ yẹn rọ, bó ṣe ń dún kà-kà-kà bí wọ́n bá ń ṣí i nìkan tó láti mú orí ọ̀dọ́ yí. Ìwé kékeré kan tí wọ́n tẹ̀ ní Madrid ní 1849, Manual del baratero, kọ́ni bí wọ́n ṣe ń fi í jà àti bí wọ́n ṣe ń wé aṣọ mọ́ apá òsì láti fi dáàbò bo ara. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ kúrú, Àníkẹ́. Ìwọ tí o kò tíì mọ bí o ṣe jìnnà tó sí ẹni tó mú idà gígùn, báwo lo ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n nígbà tí ọ̀bẹ bá ti dé ẹ̀gbẹ́ ikùn rẹ? Bó bá tó àsìkò, ọ̀bẹ onígi ni kí o fi kọ́ ọ, lójú ọ̀gá rẹ. Má gbé onírin sínú báàgì rìn ní ìgboro: òfin Sípéènì kò fàyè gba kí èèyàn máa gbé navaja tí ojú rẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 11 lọ kiri.

Nínú fídíò yẹn, ìbòjú onírin dà? N kò rí i lójú rẹ. Òótọ́ ni pé idà yẹn ò mú, ṣùgbọ́n irin ni, ojú ò sì ní àrọ́pò. Mo ti fi owó ránṣẹ́. Ìbòjú ni kí o fi rà, má fi ra bàtà.

Kí o sì bá mi béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ bóyá wọ́n ní ìwé Gérard Thibault, ará Antwerp tó kọ́ ọ̀nà àwọn ará Sípéènì yìí. Ó ya ara èèyàn sínú òbìrìkìtì, ó sì ní bí èèyàn bá fi ṣóńṣó idà kanlẹ̀, irin ìdábùú èèkù rẹ̀ ni kí ó dé ìdodo ẹni náà. Tìrẹ ńkọ́? Gbé e dúró nílẹ̀, kí o sọ ibi tó dé lára rẹ fún mi.