Ẹ̀kọ́ Ìrọ̀lẹ́ àti Ti Ìgbà Ìsinmi fún Ọmọ JSS

Ẹ̀yin òbí wa lọ́kùnrin lóbìnrin, ẹ̀kọ́ wa tòní dá lórí àkókò ọmọ yín: láti ìgbà tí ilé-ìwé bá ti jáde títí tí ilẹ̀ yóò fi ṣú, àti ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ tó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ìparí July títí wọ September. Ọmọ tó wà ní JSS 1 sí JSS 3 ni mo ní lọ́kàn jù, nítorí ìgbà yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fi ilé kéwú sílẹ̀.

Ohun tó fà á kò fara sin. Lẹ́sìnnì àti ilé kéwú ń du wákàtí kan náà ni. Ọmọ á ti ilé-ìwé dé lọ́sàn-án, á jẹun, á fọ aṣọ ilé-ìwé rẹ̀, nígbà tí yóò bá fi kí Aláàsárì tán, aago mẹ́rin ti kọjá. Láti ìgbà náà sí Mọ̀gàríbì ní Kàdúná níbí kò pé wákàtí mẹ́ta. Tíṣà lẹ́sìnnì fẹ́ wákàtí yẹn, ààfáà fẹ́ ẹ, ìyá tó wà ní ìsọ̀ náà ń retí ẹni tí yóò ran òun lọ́wọ́. Lẹ́sìnnì ló sì sábà ń borí, nítorí owó tí a ti san lórí rẹ̀ ń dùn wá, ìdánwò JSS 3 sì wà níwájú. Ti ààfáà, a máa ń ní yóò gbọ́ tiwa.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Ní Èkó, nígbà tí àwọn Mùsùlùmí ń bẹ̀rù pé ilé-ìwé àwọn míṣọ́nnárì yóò gba ọmọ mọ́ àwọn lọ́wọ́, ìjọba dá ilé-ìwé kan sílẹ̀ fún wọn ní 1896, Edward Blyden sì lọ́wọ́ sí i. Ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen bẹ̀rẹ̀ ní 1923 nítorí ìnira kan náà. Sheikh Adam Abdullahi al-Ilori ní tirẹ̀ dá Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1952, ó gbé e lọ sí Agége ní 1955, ó sì mú kíláàsì àti ìdánwò wọ inú ẹ̀kọ́ kéwú. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ní kí ọmọ yan ìwé kí ó jù kéwú nù, tàbí kí ó jù ìwé nù nítorí kéwú.

Èrò tèmi ni pé kí a fi ọjọ́ mẹ́ta fún kéwú, ọjọ́ méjì fún lẹ́sìnnì. Ìyẹn tó, bí lẹ́sìnnì bá jẹ́ lẹ́sìnnì. Púpọ̀ nínú ohun tí a ń sanwó lé lórí jẹ́ kí ọmọ tún da nóòtì àárọ̀ kọ. Ẹ gba ìwé rẹ̀ wò lọ́jọ́ Friday. Bí ẹ kò bá rí ibi tí ọmọ ti ṣi í, tí tíṣà fi àmì sí i, tí ọmọ sì tún un ṣe, owó yín ń ṣòfò. Ẹni tí kò mọ̀wé náà lè yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ ní kí ọmọ ṣàlàyé ohun tó kọ́ fún yín ní Yorùbá. (Bó bá jẹ́ Hausa ló yá a lẹ́nu, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀ ná. Tiwa ti di ẹjọ́ ọjọ́ mìíràn.)

Ẹ̀kọ́ méjèèjì tilẹ̀ lè pàdé nínú ìṣirò kan ṣoṣo. Ẹ wo ogún pínpín. Ọkùnrin kan kú, ó fi ìyàwó kan, ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin méjì sílẹ̀. Bàbá àti ìyá rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìnáwó ìsìnkú, gbèsè àti àsọtẹ́lẹ̀ rẹ̀, ₦960,000 ló kù. Nínú Sūratu n-Nisā', āyah 11 àti 12, ìyàwó ẹni tó bímọ ní ìdá kan nínú mẹ́jọ, ọmọkùnrin sì ní ìlọ́po méjì ti ọmọbìnrin. Ti ìyàwó jẹ́ ₦120,000. Ó ku ₦840,000. Ọmọkùnrin gba ìpín méjì, àwọn ọmọbìnrin gba ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìpín mẹ́rin nìyẹn, ₦210,000 ni ìpín kan. Ọmọkùnrin yóò gba ₦420,000, ọmọbìnrin kọ̀ọ̀kan ₦210,000. Ẹ ní kí ọmọ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ padà, bóyá yóò pé ₦960,000.

Ẹ wá bi í pé, bí ìyàwó bá jẹ́ méjì ńkọ́? Èyí tó bá dáhùn pé ìdá méjì nínú mẹ́jọ kò tíì mọ òfin yẹn. Ìdá kan nínú mẹ́jọ náà ni wọn yóò jọ pín, ₦60,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìpín àwọn ọmọ kò ní yí padà.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo ń fi ẹ̀sìn lẹ̀ mọ́ ìṣirò lásán. Algebra tí wọ́n ń kọ́ ní JSS, inú orúkọ ìwé tí al-Khwārizmī kọ ní Baghdad ní nǹkan bí 820 ni orúkọ rẹ̀ ti jáde, ìdá ńlá nínú ìwé náà sì jẹ́ lórí ogún pínpín.

Ní ti ìsinmi gígùn, àwọn ọ̀mọ̀wé Amẹ́ríkà kan kó ìwádìí 39 jọ ní 1996, wọ́n rí i pé ọmọ ń pàdánù tó ẹ̀kọ́ oṣù kan, pàápàá ìṣirò. Àwọn mìíràn ti jiyàn sí i lẹ́yìn náà. Ní ilé kéwú, a kò nílò ìwádìí: ọmọ tó dákẹ́ súrà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, àárín Juz'u ʿAmma ni yóò ti máa wá ọ̀rọ̀ kiri. Nítorí náà, kí ọmọ máa ka èyí tó ti há sórí lẹ́yìn Àsùbáhì lójoojúmọ́, kí ó tó gbé súrà tuntun.

Èyí tó bá tẹ̀lé yín lọ sí ìsọ̀ ní ìsinmi, ẹ má fi ṣe ẹrù gbígbé nìkan. Ẹ ra ìwé fún un. Ká ní ẹ ra àpò ẹ̀wà ní ₦120,000, tó wọn mudu 40. Iye mudu kan jẹ́ ₦3,000. Ẹ ta á ní ₦3,300. Owó ọkọ̀ jẹ́ ₦2,500. Èló ni èrè? Àwọn kan á sọ ₦12,000, wọ́n gbàgbé ọkọ̀. ₦9,500 ni. Kí ọmọ máa kọ ọ́ sílẹ̀ lálaalẹ́, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó gba àwìn.

Bí wọ́n bá ń lọ kí ìyá àgbà ní Ìlọrin, Ọ̀fà tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, kí Kùránì àti ìwé ìṣirò wà nínú báàgì. Àwọn ọmọ tí ilé-ìwé wọn ń wọlé lọ́sàn-án, àárọ̀ ni kí wọ́n wá sí kéwú. Kí òbí wọn bá ààfáà sọ ọ́ kí tááàmù tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́sìnnì ọmọbìnrin, ẹ jẹ́ kí ó parí nígbà tí yóò fi délé kí Mọ̀gàríbì tó wọlé.

Ìṣirò Sàká orí ọjà ni a ó ṣe nínú ẹ̀kọ́ tó ń bọ̀, in shā' Allāh. Kí ọmọ mú ìwé ìsọ̀ rẹ̀ dání.